Ta Ló Lè Kágò sí Wa?

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà!"

Ẹni tó wà níta ló kọ́kọ́ ń fọhùn, ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn, ẹni tó wà níta á wá sọ pé "èmi ni o" kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ lọ bọ̀, ó tán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ilé ìwé. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun tí a kọ́kọ́ bá pàdé ni àgò yìí gan-an. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ wọlé á fi SYN ránṣẹ́, èyí tó wà nílé á fi SYN-ACK dáhùn, èyí tó wà níta á fi ACK fọwọ́ sí i. Orí òfin TCP yìí ni ARPANET, tó jẹ́ bàbá íntánẹ́ẹ̀tì, bọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1983. A ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ṣe é ti gbọ́ "àgò yà" rí.

Ìbéèrè kan ló ń dà wá láàmú láti ìgbà yẹn: ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè kágò sí, ṣé a ṣì lè pè é ní onílé? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ server kékeré kan ná.

Server ni ẹ̀rọ tàbí ètò tó ń dúró de àwọn ẹlòmíì. Client ni ẹni tó wá bá a. Àwa á máa pè é ní àlejò, torí ohun tó jẹ́ nìyẹn. Ní èdè Python, server tó kéré jù kò ju bí ìlà mẹ́wàá lọ. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni socket: kí a ní ẹnu ọ̀nà. Èkejì ni bind: kí a so ẹnu ọ̀nà náà mọ́ àdírẹ́sì kan àti nọ́ńbà kan, bíi 8080. Nọ́ńbà yìí lè lọ dé 65,535, ó dà bí nọ́ńbà yàrá nínú ilé elérò púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni listen: kí a tẹ́tí. Ẹ̀kẹrin ni accept: kí a gba ẹni tó dé. Lẹ́yìn náà, ka ohun tó bá sọ, dá a lóhùn, sìn ín jáde. Àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley ló kó àwọn àṣẹ yìí jáde fún aráyé nínú 4.2BSD ní 1983, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nígbà yẹn á ṣì dá wọn mọ̀ lónìí. Ẹ ò nílò láptọ́ọ̀pù pàápàá. Fóònù Android tó ní Termux lórí á gbé e.

Ọgbọ́n wà nínú listen àti accept o. Socket tó ń tẹ́tí kì í bá àlejò kankan sọ̀rọ̀. Láéláé. Iṣẹ́ etí nìkan ni tirẹ̀. Bí àlejò bá dé tí a sì pe accept, socket tuntun ni ètò náà máa bí, èyí tuntun yìí ni yóò jókòó ti àlejò, òun náà ni yóò sì kú nígbà tí àlejò bá lọ. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹlòmíì. Bí ìyá àgbà ilé ńlá ṣe máa ń ṣe nìyẹn: òun á jókòó sí iwájú ilé, tí àlejò bá dé, á pe ọmọ kan pé kó wá mú wọn lọ sí pálọ̀. Ohun tó tún pa wá lẹ́rìn-ín ni pé kernel, ìyẹn ọkàn ẹ̀rọ náà, ti bá àlejò parí àgò kí kóòdù wa tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé. Àlejò á máa dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a ó fi pè é. Lórí Linux tẹ́lẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kì í gbà ju 128 lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ní 2019 ni wọ́n sọ ọ́ di 4096.

Server tó rọrùn jù, ẹyọ àlejò kan ló lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ká wá ní àlejò náà wọlé, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan. Kò kí, kò béèrè, kò lọ. Àwọn tó kù kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí a kò bá sọ fún server ohun tó yẹ kó ṣe, á jókòó ti ẹni yìí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kọ timeout: tí o kò bá sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó dàbọ̀ o. Ọ̀kan nínú wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní Yorùbá kì í lé àlejò. Òótọ́ ni. Àmọ́ Yorùbá náà ló ní àlejò tó bá bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Àti pé àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn náà kì í ṣe àlejò ni? Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣàánú ẹnì kan, ó yẹ kó wo àwọn tí àánú yẹn ń fìyà jẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1996, àwọn kan da Panix láàmú, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní New York. Wọn ò wọlé rárá. Wọ́n kàn ń kágò ni, àgò lórí àgò, wọn ò sì dúró gbọ́ èsì, bí àwọn ọmọ tó máa ń kan géètì onígéètì lọ́sàn-án gangan tí wọ́n á sì ki eré mọ́lẹ̀. Gbogbo àgò tí server bá dáhùn, ó ti gbé ìjókòó kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní í wọlé láé. Ìjókòó tán, àwọn tó ní nǹkan gidi í ṣe kò ráyè. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Daniel J. Bernstein gbé ọgbọ́n SYN cookie kalẹ̀: dáhùn àgò, àmọ́ má gbé ìjókòó sílẹ̀ títí ẹni náà á fi fèsì padà, tí èsì rẹ̀ á sì fi hàn pé ó gbọ́ ohun tí o sọ. A fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn kọ̀ láti di gọ̀ǹgọ̀sú ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, wàhálà ẹni tí àlejò ń ya bò ni. Tiwa ní Mowe yàtọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, ni Mowe wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí kò mọ Mowe á mọ Redemption Camp tó wà nítòsí. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìlú yìí ti máa ń tú jáde. Aago márùn-ún ìdájí, kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo "Bẹ́gà! Bẹ́gà!", àwọn tó sì ti wọ ọkọ̀ ti ń sùn padà lórí ìjókòó. Èkó ni iṣẹ́ wà. Owó ilé tó ṣeé san ló gbé wa wá síbí. Mowe ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́ ayé. Èkó kì í wá sí Mowe, àfi tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí tó bá ń lọ sí Camp.

Inú yàrá kan níbẹ̀ ni a ti kọ server wa tán. Fóònù kejì tó wà lórí Wi-Fi kan náà kágò, server dáhùn: "Ẹ káàbọ̀." Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. A wá pe ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìbàdàn pé kó gbìyànjú. Ó tẹ nọ́ńbà àdírẹ́sì tí a fún un. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ wà nílé ṣá?"

A wà nílé. Server wà lójúfò, etí rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Àgò ọ̀rẹ́ wa ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́, IPv4, kò ju 4,294,967,296 lọ lápapọ̀, àwa èèyàn sì ti ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ láyé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, wọ́n pín in bí ẹni ń pín ilẹ̀ tí kò lè tán. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT nìkan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fún ní 16,777,216, ó sì di ọdún 2017 kó tó tà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 2011, wọ́n pín èyí tó kẹ́yìn nínú àká gbogbogbò fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń bójú tó àgbègbè kọ̀ọ̀kan láyé. Tiwa ní Áfíríkà ni AFRINIC, ní erékùṣù Mauritius. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹ mọ ohun tó máa ń bá nínú ìkòkò.

Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ṣe? Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Àdírẹ́sì tó wà lórí fóònù yín, tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ ń lo dátà, ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 100.64. Àdírẹ́sì inú ilé nìyẹn, kò já mọ́ nǹkan kan níta. Ní oṣù Kẹrin 2012 ni wọ́n dìídì ya 100.64 àti àwọn tó tẹ̀ lé e sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, gbogbo wọn jẹ́ 4,194,304. Bí a bá jáde lọ síta, ẹ̀rọ ẹnubodè á kọ ọ́ sínú ìwé pé lágbájá jáde, ó lọ sọ́dọ̀ tàmẹ̀dù. Bí èsì bá dé, á wo ìwé, á sì gbé e wá fún wa. Ẹni tó bá dá wá fúnra rẹ̀, tí a kò jáde lọ pè, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹnubodè ò mọ ẹni tó wá bá. Á dà á nù ni.

Ohun tó jẹ́ pé a lè wo fídíò, a lè ka ìròyìn, a lè rajà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láyé, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni láyé kò lè yà sọ́dọ̀ wa nìyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì wa náà ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó ń lọ sí Bẹ́gà.

Ọgbọ́n tí a dá sí i, ará Mowe gidi á dá a mọ̀. Ilé mélòó ló ní nọ́ńbà níbí? Tí àlejò bá ń bọ̀, a kì í fún un ní àdírẹ́sì. A máa ń sọ pé, "Tí ẹ bá ti dé bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ pè wá." A ó wá jáde lọ mú un. Ohun tí àwọn ètò bíi ngrok àti Cloudflare Tunnel ń ṣe kò yàtọ̀. Server wa á kọ́kọ́ jáde, á lọ dúró ti ẹ̀rọ kan tí gbogbo ayé mọ àdírẹ́sì rẹ̀, kò sì ní í jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àlejò á lọ bá ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀rọ yẹn á sì fà á lé wa lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ní Ìbàdàn rí "Ẹ káàbọ̀". Ṣùgbọ́n láti Mowe sí Ìbàdàn tí kì í gbà ju wákàtí méjì lọ tí kò bá sí gosiló, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti yà sí Yúróòpù kó tó dé. Oníbọ́sítọ́ọ̀pù náà sì mọ gbogbo ẹni tó wá kí wa àti ìgbà tó wá. Ọjọ́ tó bá sọ pé òun ò ṣe mọ́, ilé wa á tún di ilé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Àwọn onímọ̀ èrò ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí gbígba àlejò. Kant, ará Jámánì, kọ ọ́ ní 1795 pé àjèjì ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má ṣe é bí ọ̀tá nítorí pé ó tẹ ilẹ̀ ẹlòmíì. Derrida náà, tí wọ́n bí ní Algeria, bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹni tó ń béèrè orúkọ kó tó ṣílẹ̀kùn ń gba àlejò lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀tọ́ jẹ́ ti àlejò, ojúṣe jẹ́ ti onílé. Wọ́n ti gbà pé onílé nílé, pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń bẹ, pé ohun tó kù ni kó pinnu bóyá á ṣí i. Ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn tí a lè kàn kò sí nínú àròjinlẹ̀ náà. Ẹ̀tọ́ láti jẹ́ onílé, ta ló ń jà fún un?

Èdè wa mọ nǹkan kan nípa èyí. Bí àlejò bá pọ̀ nílé ẹnì kan, àwọn aládùúgbò á kí i pé "Ẹ kú àlejò o." Onílé là ń kí. Ó ń náwó, ó ń dáná, oorun ò kún ojú rẹ̀, síbẹ̀ à ń kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó ní nǹkan ayọ̀, torí wọ́n rí i bí ẹni tó ṣeé wá bá. "Ẹ káàbọ̀" pẹ̀lú, ẹni tó wà nílé nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe àlejò lọ́dọ̀ ẹlòmíì á gbọ́ "ẹ káàbọ̀" títí, kò ní í sọ ọ́ láé. A rò pé nǹkan kan ń sọnù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ìròyìn. Bóyá ohun tó ń sọnù ni àǹfààní pé kó fi ohun tó ní sílẹ̀, lábẹ́ òfin tirẹ̀, kí ẹlòmíì sì wá bá a níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà fẹ́ràn wàhálà jù. Ẹ san dọ́là mélòó kan lóṣù, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun, ó parí." Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Mowe, a mọ bí wọ́n ṣe ń san owó ilé. Ohun tí a kò gbà ni pé kó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà.

Èsì kejì ló wúwo jù. Wọ́n ní ẹnubodè yẹn ń dáàbò bò wá. Òótọ́ pọ́ńbélé. Gbé server kan sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó pẹ́, àwọn ẹ̀rọ tí o ò mọ̀ rí á ti máa yí ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ wò. Ní 2016, Mirai wọlé sínú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà tí ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá dé láti ilé iṣẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, ọ̀pọ̀ ojúlé ńlá ní Amẹ́ríkà kò sì ṣeé dé. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn irú ẹnubodè tiwa yìí, irú àwọn afipá-wọlé bẹ́ẹ̀ kò lè ti òde rí i. Nítorí náà, a ò sọ pé kí wọ́n wó ẹnubodè. Ní àdúgbò wa, àwọn láńlọ́ọ̀dù gba ọlọ́dẹ, wọ́n sì ń ti géètì lálẹ́. Ṣùgbọ́n tí àbúrò wa bá dé láago mọ́kànlá, a ó jáde, a ó sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni wa ni, ẹ jẹ́ kó wọlé," ọlọ́dẹ á sì ṣí i. Ọlọ́dẹ tí kò ní í ṣí i láé, ohun yòówù kí onílé sọ, iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe?

A pe kọ́sítọ́mà kéà ilé-iṣẹ́ tí a ń ra dátà lọ́wọ́ wọn. A ní a fẹ́ àdírẹ́sì tí ará ìta lè rí. Ẹni tó gbé ìpè náà ní sùúrù, ó fọ̀wọ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ó wá béèrè pé, "Ẹ má bínú sà, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?" A ní a fẹ́ kí àwọn èèyàn lè wá kí wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí o. IPv6 ti wà nínú ìwé láti oṣù Kejìlá 1998, àdírẹ́sì rẹ̀ sì pọ̀ débi pé gbogbo fóònù tó wà láyé á ní tirẹ̀, á sì ṣẹ́ kù. Ọ̀nà tí ń jáde ni àwa ń fẹ̀ ní tiwa. Okùn MainOne tí Funke Opeke ṣagbátẹrù rẹ̀ rin nǹkan bíi 7,000 kìlómítà lábẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó ní 2010, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Inú wa dùn sí wọn. Àmọ́ nígbà tí òun, WACS, ACE àti SAT-3 gé lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, a rí bí àwọn báńkì kan nílé níbí kò ṣe lè dá oníbàárà tó wà nílé níbí lóhùn. Torí irú èyí náà ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní 2006, kí ọ̀rọ̀ láàárín ará Nàìjíríà méjì má baà máa wọkọ̀ òfuurufú.

Ní báyìí, server wa wà lórí ráútà kan ní àdúgbò, a fi bátìrì kékeré tì í nítorí iná. Ìbàdàn kò mọ̀ ọ́n, Èkó kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ SS3 tó wà ní ilé tó yí wa ká ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń wá gba ìbéèrè JAMB àtijọ́ níbẹ̀ láìná kọ́bọ̀ dátà. Timeout rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, á kọ "Ẹ káàbọ̀" sí i, á sì kọ aago sílẹ̀ fún wa. Lálẹ́ àná, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, ó kọ 17. Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Ìbàdàn ṣì ń gba bọ́sítọ́ọ̀pù wọlé.